Ọjọ́ A Kú Là Á Dère: Ẹ̀yẹ Olórin Ha Ní Láárí Bí?

Àwọn àgbà wa wí pé ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, nígbà tí ìròhìn kàn wá láti ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà pé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí-ayé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó ń pín ẹ̀bùn Grammy. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí Bing Crosby kọ́kọ́ gbà á, òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ kàn. Àwọn tí wọ́n jọ dárúkọ pẹ̀lú rẹ̀ ni Cher, Chaka Khan, Carlos Santana, Paul Simon àti olóògbé Whitney Houston. Àwọn ọmọ Fẹlá ni wọ́n bá a gbà á, nítorí pé ẹni tí ó ni ẹ̀yẹ ti fi ilẹ̀ bora láti ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997.

A kò ní purọ́ fún ẹ̀yin olùkà wa: inú wa dùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bẹ ní ọ́fíìsì wa hó yèè, ẹnìkan fi orin Fẹlá sí i, iṣẹ́ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní ibi ìtẹ̀wé wa, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó gbọ́ ariwo náà, ó yọjú, a sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi í ṣe?" Ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè bàbá yìí kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbé e wá sí ojú ewé yìí, kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe ìṣèlú lè bá wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ilé tí ọkùnrin náà ti jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ ni èyí kàn jù. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí N.U.T. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, olùkọ́ ni òun náà. Òun ni ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ti kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Nígbà tí wọ́n fi bí Fẹlá ní 1938, orin ti wà nínú ilé náà, ìwé ti wà níbẹ̀, ẹnu tí kì í bẹ̀rù aláṣẹ náà sì ti wà níbẹ̀.

Kí ni ayé fi san án fún un nígbà tí ó wà láàyè? Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ tí ó pè ní Kalakuta, wọ́n lu àwọn ará ilé bí ẹní lu bàrà, wọ́n ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Màmá kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ní 1984, ìjọba ológun mìíràn gbé Fẹlá lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, kò sì jáde títí di 1986. A kò sọ pé gbogbo ìwà rẹ̀ ni ó dára. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò ní fẹ́ kí ọmọ wọn fi í ṣe àwòkọ́ṣe nínú igbó tí ó ń mu, tàbí nínú bí ó ti gbé obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níyàwó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní 1978, àwa kò sì ní bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí igbó tàbí ìyàwó ni wọ́n ṣe sun ilé rẹ̀. Nítorí orin ni.

Nígbà tí ó kú, àwọn tí wọ́n tú jáde láti sin ín ní Èkó pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Ní 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá owó sí i kí ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà lè di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: ilé tí wọ́n sun ní 1977 kọ́ ni, èyíinì ti di eérú, ilé tí ó gbé lẹ́hìn náà ni wọ́n tún ṣe fún àwọn àlejò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dúró ní iwájú ilé náà, tí ó sì rántí ìyá arúgbó tí wọ́n jù sílẹ̀ láti òkè, kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ pé, ta ni ẹ̀yẹ yìí wà fún gan-an: ẹni tí a ṣẹ̀ ni, tàbí àwa tí a fẹ́ kí ọkàn wa fúyẹ́?

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú yóò tètè lóye. Ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà létí adágún omi, tí wọ́n ṣí ní 1995, tí wọ́n ń pè ní Rock and Roll Hall of Fame. A lè pè é ní gbọ̀ngàn àwọn olókìkí orin. Láti 1986, kí ilé náà tó dúró rárá, ni wọ́n ti ń yan ènìyàn sínú rẹ̀. Ní 2021 wọ́n fa orúkọ Fẹlá kalẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo ayé dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà gbọ́, wọ́n tú jáde bí ẹni pé gómìnà ni wọ́n ń yàn. Ìbò tí Fẹlá ní ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Tina Turner nìkan ni ó ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n yàn, Fẹlá kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún fà á kalẹ̀ ní 2022. Ní ọdún náà pẹ̀lú, kò wọlé.

Wọ́n ha ṣe èrú bí? Rárá o. Òfin wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìbò àwọn aráàlú, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, ìwé ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà á sí, láàárín ìwé ìbò àwọn olórin àti àwọn onímọ̀ orin tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn di ẹyọ ìwé kan. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní ilẹ̀ wa bá dán irú rẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tí yóò du ipò, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Àwọn wo sì ni onídàájọ́? Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ ni Jann Wenner, ẹni tí ó tún wà lára àwọn tí wọ́n dá ìwé ìròhìn Rolling Stone sílẹ̀. Ní 2023 ó tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀gá olórin lẹ́nu wò. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Nígbà tí oníròhìn kan bi í ní ìdí rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ dà bí ẹni pé àwọn obìnrin àti àwọn adúláwọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ tó nípa iṣẹ́ wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso gbọ̀ngàn náà, ó sì tọrọ àforíjì. Àwọn tí wọ́n yọ ọ́ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó la ẹnu, ojú tí ó fi ń wo ayé orin náà nìyẹn, ó sì wà lórí àga.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè bàbá wa. Ẹ wo Bessie Smith, obìnrin adúláwọ̀ tí ohùn rẹ̀ mi Amẹ́ríkà tìtì ní àwọn ọdún 1920. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1937. Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sí òkúta tí a kọ orúkọ sí lórí ibojì rẹ̀. Ní 1970 ni olórin kan, Janis Joplin, àti obìnrin mìíràn tí ó ti bá Bessie ṣe iṣẹ́ ilé nígbà tí ó wà ní ọmọdé, tó dá owó òkúta náà. Ní 1989, gbọ̀ngàn àwọn olókìkí gbà á wọlé, àwọn Grammy náà sì fún un ní ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí-ayé. Bákan náà ni ti Sister Rosetta Tharpe, ẹni tí ó ń fi gìtá oníná kọ orin ìyìn nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tí a wá ń pè ní baba orin rock ṣì jẹ́ ọmọdé. Ó kú ní 1973 ní Philadelphia. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ibojì rẹ̀ fi wà láìní àmì. Ní 2018 ni gbọ̀ngàn náà tó rántí rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí gba ẹ̀yẹ kí ẹnu tó sọ. Kò sí èyí tí ó mọ̀.

Ti Ruth Brown yàtọ̀, a sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní àwọn ọdún 1950, rẹ́kọ́ọ̀dù obìnrin yìí tà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé òun ni ó kọ́ ilé-iṣẹ́ Atlantic tí ń tẹ̀ wọ́n jáde. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ rọlẹ̀, ó di ẹni tí ń tọ́jú ilé onílé, ó sì wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Orin rẹ̀ ṣì ń dún lórí rédíò, kò sì rí kọ́bọ̀. Nígbà tí ó béèrè owó rẹ̀, wọ́n fi ìwé hàn án pé òun gan-an ni ó jẹ gbèsè, nítorí pé wọ́n ti ka owó tí wọ́n ná láti gba orin náà sílẹ̀ sí i lọ́rùn. Obìnrin náà kò dákẹ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá wọn fà á. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san owó fún un, wọ́n pa gbèsè àwọn olórin àtijọ́ mìíràn rẹ́, wọ́n sì fi owó sílẹ̀ láti dá àjọ kan tí yóò máa ran àwọn àgbà olórin lọ́wọ́ sílẹ̀. Ní 1993 ni gbọ̀ngàn àwọn olókìkí tó pè é. Owó ni ó kọ́kọ́ gbà, ẹ̀yẹ sì tẹ̀lé e. Ó wà láàyè láti gba méjèèjì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó sì fi gun orí pèpéle.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Onílù wa ni ó ń ki gbogbo ayé. Bí ọba bá ń jáde, òun ni ó ń sọ orúkọ baba ńlá rẹ̀. Bí olówó bá ń ṣe òkú, òun ni ó ń sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ta ni ó ń ki onílù? Ní 1948, Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde tí ó fi yin Ọba Adébóyè, Orímọlúṣì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà kò tà. Lẹ́hìn náà ni ọba náà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú. Hárúnà tún orin náà gbà sílẹ̀ ní 1955, ó sì tà wàràwàrà. Ọba kan náà ni, olórin kan náà ni. Ikú nìkan ni ó bọ́ sí àárín. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyèméjì lórí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó lọ bi àwọn tí wọ́n ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà náà.

Àmọ́ kì í ṣe òkú nìkan ni a ń yìn. Ní 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá I. K. Dáíró lọ́lá, ọkùnrin Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ó fi àkọ́díọ̀nù kún orin jùjú. Ó wà láàyè, ó ṣì ń kọrin, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tíì ju ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n ti ń sọ pé orin àwọn ọmùtí ni jùjú rí ohun tí ó pa ẹnu wọn mọ́. Ní àwọn ọdún 1990, yunifásítì Washington ní ìlú Seattle gbà á láti wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro èyí wò: mélòó nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tiwa ni ó fún àgbà olórin ní àga láàárín àwọn olùkọ́, tí kì í ṣe pé wọ́n kàn pè é láti wá lù fún wọn ní ọjọ́ àjọ̀dún?

Hárúnà náà gba oyè M.O.N. lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1981, ọdún méjì kí ó tó kú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa kà sí ọgbọ́n jù nínú ìtàn àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ni pé wọn kò jókòó kí ẹnikẹ́ni wá fi àmì sí wọn láyà. Ní 1969 wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù STAR sílẹ̀, tí àwọn olórin fúnra wọn ni. Ní 1979 Hárúnà kọ́ ibi ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀, Phonodisk, sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ kò ní máa fi ìwé bẹ oníṣirò owó.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìlara ni ó ń bá wa jà. Rárá o. Ẹ̀yẹ tí a ń tà ni ó sú wa. Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wa pé àwọn fẹ́ fi ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí-ayé dá ọ̀kan nínú wa lọ́lá. Ẹni tí wọ́n dárúkọ náà kò tíì pé ogójì ọdún. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ iye tábìlì tí yóò rà ní àsè náà sí. A fi ìwé náà han bàbá ibi ìtẹ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Irú ẹ̀yẹ báyìí ti pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju ẹ̀kọ lọ, àwọn olóṣèlú wa ni oníbàárà pàtàkì, òun gan-an ni kò sì jẹ́ kí ènìyàn mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ bá dé.

Nígbà náà, ǹjẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ dà nù? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé yin ni yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn, wọn kò sì sọ ọ́ fún òkú. A rí ohun tí ẹ̀yẹ Fẹlá ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà: àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́hìn ikú rẹ̀ ń béèrè irú ẹni tí ó jẹ́, àwọn tí kò gbọ́ orin rẹ̀ rí ń wá a kiri. Òkú kò rí nǹkan fi í ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún rí nǹkan fi í ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá ni pé àjèjì ni ó fún wa ní àṣẹ láti rántí ẹni tiwa. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti Fẹlá, òde ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ bọ̀ wá sílé.

Ẹ̀yẹ a sì tún máa fọ́ ojú wa sí àwọn mìíràn. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń pè sórí pèpéle. Tony Allen, tí ọwọ́ rẹ̀ méjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì gbé ìlù afrobeat kalẹ̀, kúrò nínú ẹgbẹ́ Fẹlá ní òpin àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú ohun tí ó fà á. Ó kú ní Paris ní 2020. A fẹ́ràn Fẹlá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi orin bá ìjọba wí nítorí tálákà kò ṣe é kọjá ìbéèrè nípa owó àwọn tí ń bá a lu ìlù.

Òfin wà. Òfin ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́-ọnà tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ orin yóò wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́hìn ikú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá wa ṣe é: Hárúnà kú ní 1983, nítorí náà títí di òpin 2053 ni ó yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ nínú orin rẹ̀, ti Fẹlá yóò dé 2067. Èyí jẹ́ ẹ̀yẹ tí a lè fi ra iyán jẹ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ rédíò, ilé ìtura, ilé ọtí àti àwọn tí ń polongo ìbò, títí kan àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ̀yin olùkà wa ń tẹ̀lé, ń fi orin olórin pe èrò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn wo nínú wọn ni ó ti béèrè ẹni tí ó yẹ kí wọ́n sanwó fún? Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a gbà pé òun bu ọlá fún àṣà Yorùbá, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ìpolongo tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá ibi ìtẹ̀wé gbé nǹkan kan wá sí ọ́fíìsì, ó fi ìwé ìròhìn àtijọ́ wé e. Rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà ni. Ẹ̀rọ tí ó fi ń gbọ́ ọ ti bàjẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwo náà. Orúkọ olórin wà lára rẹ̀ gàdàgbà, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ àwọn onílù kò sí. A béèrè bóyá ó mọ ìkankan nínú wọn. Ó ní òun mọ ẹni tí ó ń lu àgídìgbo, àdúgbò kan náà ni wọ́n gbé, ọkùnrin náà ti kú. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mú bírò, ó kọ ọ́ sí etí ìwé ìròhìn tí bàbá fi wé àwo náà, bàbá sì ní kí ó tún un kọ, kí ó fi àmì sí orí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ó fi àmì òkè sí ibi tí ó yẹ kí àmì ìsàlẹ̀ wà.